Èsì: Ojú òṣèré ló gba ọkàn mi, mi ò rí ẹni inú ìwé mọ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní láti ìgbà tí ẹ ti wo fíìmù tí wọ́n fi ìwé náà ṣe, ojú òṣèré ni ẹ ń rí bí ẹ bá ń kà á. Ẹ padà sí ibi tí òǹkọ̀wé ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹni inú ìwé náà, kí ẹ kà á sókè, díẹ̀díẹ̀. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀: àpá kékeré kan lẹ́bàá ètè, tí fíìmù kò fi hàn rárá, ló dá ojú tèmi padà.

Àfi bí òǹkọ̀wé bá ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa o. Bí kò bá ṣe é, ojú òṣèré kò ní lọ bọ̀rọ̀.

Ẹ má sì bínú sí fíìmù jù. Ojú ewé kan nínú ìwé eré, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń ya fíìmù, sábà máa ń tó ìṣẹ́jú 1. Wákàtí 2, tó jẹ́ nǹkan bí ojú ewé 120 nínú ìwé eré, kò lè gba gbogbo ìtàn inú ìwé olójú-ewé 400. Ohun tí ẹni náà ń rò nínú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé kúrò, ìyẹn ló sì máa ń dùn mí jù.