Sítóòfù wo ló yẹ àgọ́ ọdẹ nígbà òtútù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fẹ́ lọ ṣọdẹ elk, irú àgbọ̀nrín ńlá kan, lórí òkè ní Colorado ní Amẹ́ríkà lóṣù kọkànlá. Àgọ́ kánfáàsì la máa lò, ẹsẹ̀ bàtà 14 ní gígùn, 12 ní ìbú. Ọ̀kan nínú wa ní ká ra ẹ̀rọ amóoru onígáàsì torí kò ní wàhálà. Sítóòfù onígi lèmi ń wò. Èwo ni ká rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra, àbúrò. Onígi ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó ní páìpù tí èéfín ń gbà jáde.

Omi ni mo kọ́kọ́ ń rò. Bí kílò gáàsì kan bá jó tán, oru omi tó ń tú jáde lára rẹ̀ ju kílò kan àti ààbọ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ náà ò bá ní páìpù, inú àgọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń dúró sí. Mo ti sun irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo jí ní ìdájí, omi ń kán tó-tó láti òrùlé sórí ibi tá a sùn sí, ìbọ̀sẹ̀ tí mo sá lálẹ́ sì tutù ju bí mo ṣe bọ́ ọ lọ. Ẹni tó bá wọ irú ìbọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ rin inú yìnyín, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ewu. Igi náà ń tú omi jáde bó bá ń jó, ṣùgbọ́n páìpù ń fà á síta pẹ̀lú èéfín, ooru gbígbẹ ló ń kù fún yín.

Òkè náà tún wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn ọlọ́dẹ elk ń pàgọ́ sí ní Colorado ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9,000 sí 10,000, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ onígáàsì kékeré ló ní ohun tó ń pa wọ́n fúnra wọn bí afẹ́fẹ́ bá dín kù, wọ́n sì lè máa kú mọ́ yín lọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá ti kọjá 7,000.

Tí mọ́tò bá máa dé ibi àgọ́ yín, ẹ má bẹ̀rù ìwúwo. Sítóòfù onípáànù fẹ́ẹ́rẹ́ yá gbóná, àmọ́ kì í pẹ́ tutù. Irin tó nípọn tó mìlímítà mẹ́ta ló ń di ooru mú. Ẹ fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tì í, kẹ́ ẹ wá fà á: bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má rà á. Ilẹ̀kùn tí kò dé dáadáa kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lè dín afẹ́fẹ́ iná kù lálẹ́, ògúnná á sì ti di eérú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ibi tí páìpù ti ń la kánfáàsì kọjá gbọ́dọ̀ ní awẹ́ tí iná ò lè jó. Kí orí páìpù ga ju ṣóńṣó àgọ́ lọ, kó sì ní àwọ̀n tó ń mú ẹta iná. Ìta ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ dáná sí i, kí òórùn ọ̀dà rẹ̀ jó kúrò.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé sítóòfù eléèédú wọnú àgọ́, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó ń pa àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé ní Nàìjíríà náà ló ń jáde lára èédú; kò lóòórùn, ojú kì í sì í rí i, ojú oorun ló ti ń pa èèyàn. Ẹ ra alámù kan tó ń ké bí gáàsì yìí bá wà nínú afẹ́fẹ́, èyí tó ń lo bátìrì, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ ń sùn. Bí òtútù ṣe wù kó mú tó, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ àti lókè àgọ́ kẹ́ ẹ tó sùn.