Èsì: Ìdí tí trout alámì tótòtó fi ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́

Ẹ kú iṣẹ́. Trout alámì tótòtó (ẹja tí wọ́n ń pè ní speckled trout) tí ẹ ní ó ń gbé ìdẹ yín ní Galveston Bay, ní Texas ní Amẹ́ríkà, tí ó sì ń bọ́ kí ó tó dé ọwọ́, fẹ́lẹ́ lẹ́nu púpọ̀. Bí ẹ bá fà á tagbára-tagbára, ìwọ̀ yóò ya ẹnu rẹ̀.

Ẹ tú bíréèkì kẹ̀kẹ́ tí ẹ fi ń ká okùn (ohun tí ó ń di okùn mú kí ó má sáré jáde) díẹ̀, kí okùn lè máa jáde nígbà tí ẹja bá sáré, kí ẹ máa ká a wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìjẹ́ kí okùn rọ̀, kí ẹ sì fi àwọ̀n gbé e láti inú omi. Ibi ìgbésókè yìí gan-an ni mo ti pàdánù èyí tí ó pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n bí edé tí ẹ fi ṣe ìdẹ bá kàn ń padà wá ní jíjẹ láìjẹ́ pé ọ̀pá wúwo, ẹja kéékèèké ló ń jẹ ẹ́. Ẹ sún síbòmíràn.