Èsì: A-level ni àbí BTEC fún ọmọ tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ béèrè bóyá A-level (ẹ̀kọ́ ọdún méjì tó dá lórí ìdánwò) ni àbí BTEC (ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ iṣẹ́ ṣíṣe) ló yẹ kí ọmọ yín tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì mú. BTEC kò ní dí i lọ́nà nọ́ọ̀sì rárá. Yunifásítì púpọ̀ ní Ìlú Ọba ló ń gba BTEC Health and Social Care (ẹ̀kọ́ ìlera àti ìtọ́jú) fún un. Àmọ́ tó bá jẹ́ dókítà ló wà lọ́kàn rẹ̀ (òun fúnra rẹ̀ o, kì í ṣe bàbá rẹ̀), A-level ni kó mú, kó má sì fi Chemistry sílẹ̀.

Grade 3 tí ẹ ní ó gbà nínú Maths GCSE (ìdánwò tí wọ́n ń ṣe ní bíi ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí 4 jẹ́ àmì àṣeyege) ló ń kọ mí lóminú. Tí sixth form (ilé ẹ̀kọ́ ọdún méjì lẹ́yìn GCSE) bá tiẹ̀ gbà á, dandan ni kó ṣì máa kọ́ Maths yẹn lọ. Àwọn àkókò tó ṣófo lórí táìmútébù rẹ̀ kì í ṣe ti oorun. Ibẹ̀ ni kó ti máa yanjú ìṣirò. Ẹ bi ilé ẹ̀kọ́ náà léèrè owó bursary (owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́) pẹ̀lú, ó lè gbé owó ọkọ̀ àti ìwé.