Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Omi ìdọ̀tí tí ẹ̀rọ ti tún ṣe, ṣé ó yẹ ẹ̀fọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀fọ́ ni mò ń gbìn l'Ádó-Èkìtì. Ilé ìtura kan lókè oko mi ní ẹ̀rọ tó ń tún omi ìdọ̀tí ṣe, wọ́n sì ní kí n máa bu èyí tó bá jáde. Ó mọ́, kò rùn. Ṣé mo lè fi bomi rin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?

Ẹ lè lò ó, àmọ́ kì í ṣe bó ṣe ń jáde yẹn. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi kí àwọn kòkòrò tó wúlò lè jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Bó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ó lè mú 99 kúrò nínú 100 kòkòrò àrùn. Ṣùgbọ́n mílílítà 100 péré nínú omi ìdọ̀tí lè ní mílíọ̀nù 10 kòkòrò ìgbẹ́. 100,000 ló ṣì kù níbẹ̀. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 1989 fún ohun tí à ń jẹ ní tútù kò gbà ju 1,000 lọ.

Ẹyin aràn ló le jù. Ìlànà náà kò gbà ju ẹyọ kan lọ nínú lítà kan, nítorí ó lè wà láàyè nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé ó wúwo ju omi lọ, ó máa ń rì sísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbẹ́ kòtò mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba omi tí ẹ ń lò lójúmọ́: ọ̀kan ń gba omi, èkejì ń silẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán, ẹ̀kẹta lẹ ń bu. Ẹ má wọ inú rẹ̀, ẹ má ti kòròbà kan ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ́ọ̀sì lẹ fi ń fà á, ẹ so ẹnu rẹ̀ mọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo kó lè léfòó. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kòtò kò gbọdọ̀ dé orí ebè ẹ̀fọ́ rárá. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ níbi tó jìnnà sí kànga.

Ìdí ẹ̀fọ́ ni kí ẹ rọra da omi sí. Tí omi bá ti òkè bọ́, á ta iyẹ̀pẹ̀ sára ewé. Bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ gé e, ẹ bọ́ sórí omi kànga, kí oòrùn lè pa èyí tó kù lára ewé. Ẹ wọ bàtà òjò pẹ̀lú, torí aràn kan wà tó máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé.

Ọ̀rẹ́ mi n'Íkẹ̀rẹ́ ní kí n kàn da Hypo sí i, pé gbogbo ẹ̀ á kú.

Rárá o. Kílórínì inú Hypo ń pa kòkòrò onígbáméjì àti ti táífọ́ọ̀dù, àmọ́ kò ran ẹyin aràn, kò sì ran Cryptosporidium tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ jẹ́ kí omi silẹ̀ ná. Bí ara ike bá kọ 3.5%, mílílítà 150 tó fún lítà 1,000. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fi ohun tí wọ́n fi ń yẹ omi ìwẹ̀dò ilé ìtura wò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kílórínì tó kù kò bá tó mílígírámù 0.5 nínú lítà kan, ìdọ̀tí ti jẹ ẹ́ tán. Ìyẹn fi hàn pé omi ò tíì silẹ̀, tàbí pé ẹ̀rọ ilé ìtura ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ wá ìdí ẹ̀ kí ẹ tó fi kún un. Ike tí oòrùn ti pa pẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù kò lágbára mọ́, ẹ má rà á.

Àwa tí à ń ra ẹ̀fọ́ l'Ọ́jà Ọba ńkọ́?

Èyí tí ẹ bá sè títí tó fi hó dáadáa kò léwu. Kábéèjì àti létúsì tí ẹ fẹ́ jẹ ní tútù ni kí ẹ ṣọ́: ẹ kọ́kọ́ fi omi tó ń ṣàn fọ ewé kọ̀ọ̀kan, torí fífọ̀ yìí ló ń ṣí ẹyin aràn kúrò. Ẹ wá rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú lítà omi 10 tí ẹ da ṣíbí ìjẹun kan Hypo tí kò ní lọ́fínńdà sí, kí ẹ sì fi omi tó ṣe é mu ṣàn án. Ẹ má gé e lórí pákó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ já tẹ̀tẹ̀ sí láìfọ̀ ọ́.