Ṣé Ọ̀nà Agbégilódò Dé Orí Òkè?

Ìbéèrè: Màmá, okun o. Àgùnbánirọ̀ ni mí, Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí ni wọ́n fi mí sí. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ gun òkè tó wà lẹ́yìn Ògìdì nígbà ìsinmi Kérésì. Mo rí ìlà kan nínú máàpù fóònù mi tó gba inú igbó kọjá. Àwọn àgbà àdúgbò ní ọ̀nà jíìpù àtijọ́ ni, pé agbégilódò náà máa ń gbà á. Wọ́n tún ní ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tí àwọn ọdẹ ń tọ̀, ṣùgbọ́n èyí ò sí nínú máàpù. Èwo ni ká gbà?

Ìdáhùn: Okun o, ọmọ mi. Ọ̀nà àwọn ọdẹ ni kí ẹ gbà, kí ọdẹ kan sì ṣáájú yín.

Ọmọ ọdẹ ni mí. Abẹ́ àwọn òkè yẹn ni mo ti ń ṣẹ́gi ìdáná láti kékeré, síbẹ̀ ọ̀nà fífẹ̀ tàn mí jẹ. Mo ti di tíṣà nígbà náà, mo wálé fún ìsinmi, èmi àti àbúrò mi obìnrin bá tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa tí a ń sọ̀rọ̀. A rìn títí, òkè wà lápá òsì wa, kò sún mọ́ wa. Ìgbà tó yá, ọ̀nà parí sí ìdí kùkùté ìrókò kan. Igi tí àwọn agbégilódò ń wá nìyẹn. Wọ́n ti rí i, kí ni wọ́n tún fẹ́ lọ ṣe lókè? Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lórí. Orí àpáta la sùn, ọyẹ́ mú àbúrò mi, ó ń gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́. Bàbá wa ló wá wa kàn láàárọ̀. Kò bá wa wí. Ó kàn nawọ́ sí ọ̀nà tóóró kan tí a ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì láì rí i.

Máàpù rẹ kò mọ̀ bóyá ọ̀nà ti kú. Ọjọ́ tí igi bá tán ni mọ́tò kò wá mọ́. Àgbàrá òjò á la ọ̀nà sí méjì, oòrùn tó ń wọlé síbẹ̀ á sì jẹ́ kí ewé Akíntọ́lá àti yèrèpè gba gbogbo rẹ̀. Ní Kérésì, èso yèrèpè ti gbẹ; kí afẹ́fẹ́ fẹ́ irun rẹ̀ sí yín lára, ẹ ó máa họ ara títí ẹ ó fi délé. Lápá Ẹ̀gbẹ̀ tún burú jù: àwọn tó wa àlùmọ́nì bíi tín-ìn àti kọ̀lọ́ḿbáìtì nínú ilẹ̀ la ọ̀nà tiwọn lọ sí etí kòtò ni, koríko sì lè bo kòtò náà.

Ọ̀nà ọdẹ kéré, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Òmíràn nínú wọn ti pẹ́ gan-an. Nígbà ogun Nupe, orí òkè ni àwọn baba ńlá wa sá sí, kó tó di pé ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó, wọ Kàbà tí wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà, olú ìlú Nupe, ní 1897. Tí ẹ bá rí i pé ọ̀nà fún mọ́ àárín àpáta méjì débi pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè kọjá, ẹ rántí àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ibẹ̀. Ẹ lè rí àpáàdì ìkòkò wọn nílẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má mú un.

Kò sí bí àlejò ṣe lè dá ọ̀nà yẹn tọ̀. Ó ń yà ṣáá, òmíràn á sì mú yín lọ síbi tàkúté. Ẹ kọ́kọ́ dé ààfin, kí wọ́n fi yín lé olórí ọdẹ lọ́wọ́, kí àwọn fijilanté náà sì mọ ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ajínigbé ṣe rí lágbègbè wa báyìí. Bí ọdẹ bá ní kò ṣeé lọ lọ́jọ́ náà, ẹ padà sílé. Bí ẹ bá rí màrìwò tí wọ́n ta dí ọ̀nà, ẹ má kọjá rẹ̀.

Aago 6 àárọ̀ ni kí ẹ ti gbéra. Tó bá di aago 12 tí ẹ ò tíì dókè, ẹ yí padà, nítorí inú igbó máa ń ṣókùnkùn kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ gbé omi yín láti ilé. Lórí àpáta, ibi tó funfun ni kí ẹ máa tẹ̀. Ojú ibi dúdú tí omi máa ń gbà sọ̀kalẹ̀ ń yọ̀ bí ilá tó bá ti tutù. Bí iná ìgbẹ́ bá dé, ẹ sá lọ sórí àpáta gbalasa, níbi tí kò sí koríko tó lè jó.

Kí ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Paramọ́lẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ sínú ewé gbígbẹ, kì í sì í tètè sá fún èèyàn.