Ìyá wa tó ń lo àga onítáyà fẹ́ fojú kan Erédò

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ìtàn ni màmá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti pé ẹni ọdún 71. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn ní apá òsì. Wọ́n lè dìde dúró, wọ́n sì lè fi ọ̀pá rin ìṣísẹ̀ bíi mẹ́wàá, ṣùgbọ́n àga onítáyà ni a fi ń gbé wọn jáde. Wọ́n ní àwọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn Erédò Súngbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfojú kàn án rí. Ṣé a lè gbé wọn lọ láìdá wọn lágara? (Àbígbẹ̀yìn wọn, Ṣágámù)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ lè gbé wọn lọ, bí ẹ bá ti gbà láti ilé pé etí yàrà ni màmá yóò ti wò ó. Wọ́n gbẹ́ Erédò kí ẹsẹ̀ ènìyàn má baà rí i gùn ni: yàrà tí wọ́n kó erùpẹ̀ inú rẹ̀ jọ sí etí rẹ̀ di odi, tí ó fi jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20 ní àwọn ibì kan. Ìwọ̀n tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò fún ọ̀nà àga onítáyà ni mítà 12 fún gíga mítà kan, nítorí náà mítà 20 yóò gba ọ̀nà tó gùn tó mítà 240. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ní àwọn yóò gbé màmá sọ̀kalẹ̀ léjìká, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ má sì gbà.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Erédò kì í ṣe ibì kan ṣoṣo. Ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, ó yí Ìjẹ̀bú-Òde àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ká títí dé agbègbè Ẹ̀pẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀nà ọkọ̀ sì ti gé e kọjá níbi púpọ̀. Irú ibi tí ọ̀nà gé kọjá bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá, kí mọ́tò lè dúró nítòsí, kí màmá sì rí yàrà àti odi láti orí ilẹ̀ títẹ́jú.

Kí ẹnì kan nínú yín lọ wò ó ṣáájú, kí ó gbé àga náà gan-an dání lófìfo, kí ó sì tì í láti ibi tí mọ́tò yóò dúró sí dé etí yàrà. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé kì í rí gbòǹgbò tó dábùú ọ̀nà. Yóò kàn gbé ẹsẹ̀ kọjá ni, yóò sì padà wá sọ pé ọ̀nà dára. Kí ó fi tépù wọn ọ̀nà náà bóyá ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, kí ó bá àwọn àgbà àdúgbò náà sọ̀rọ̀, kí ó sì béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí àga lè wọ̀ wà. Bí ẹ bá fẹ́ dé Òkè-Ẹ̀rí, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe àbẹ̀wò sí sàréè Bìlìkísù Súngbọ́, obìnrin tí ìtàn sọ pé ó ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò, ibi ọ̀wọ̀ ni; ẹ béèrè ṣáájú ibi tí àṣà gba obìnrin láyè láti dé, kí ojú má baà ti màmá lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní òwúrọ̀, torí pé ilẹ̀ pupa ibẹ̀ máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀ tàbí tí ó rí gbágungbàgun, ẹ dẹ àga sẹ́yìn kí táyà kéékèèké iwájú kúrò nílẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn àga ni kí ó ṣáájú. Ẹ gbé ọwọ́ òsì màmá lé itan wọn kí ó má baà bọ́ sínú táyà, ẹ sì gbé àga sí ọwọ́ ọ̀tún wọn nígbà tí wọ́n bá ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, kí ẹsẹ̀ tó lágbára ló ṣáájú.

Ní tòótọ́, òfin àpapọ̀ tí Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún àwọn ilé ìjọba àti ilé gbogbogbòò ní ọdún márùn-ún láti tún ọ̀nà wọn ṣe fún aláàbọ̀ ara. Láti ọdún 1995 ni Erédò ti wà lórí àkójọ ohun tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé, ó sì ń dùn mí pé ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lè rìn kì í sábà wọ inú ètò irú ibi bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ yí àga kí ọwọ́ ọ̀tún màmá lè kan yangí ara ògiri náà, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ wọn dúró tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pe Súngbọ́ ní Ọbabìnrin Ṣébà, ẹni tí ìtàn fi sí ayé Sólómọ́nì ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí Erédò kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fún wọn láyè tó gùn, torí olùkọ́ ìtàn kì í dáhùn irú rẹ̀ ní gbólóhùn kan.