Ṣé dandan ni kí nǹkan kan ti fa ìbẹ̀rẹ̀ àgbáńlá ayé?

Ẹ ní ọ̀rẹ́ yín sọ pé ohunkóhun tó bá bẹ̀rẹ̀ ló ní ohun tó fà á, àgbáńlá ayé sì bẹ̀rẹ̀, torí náà nǹkan kan ló fà á. Ọdún méjì gbáko ni ọ̀rọ̀ yìí fi gba oorun lójú mi.

Lẹ́yìn ikú ìyá mi ni. Láago mẹ́ta òru màá ti jí, màá gbé ìwé lé itan, màá máa fa ìlà: èyí ló fa ìyẹn, ìyẹn ló fa tọ̀hún, títí ìlà á fi kan etí ìwé. Màá ṣí ojú ewé mìíràn. Àwọn ibì kan wà tí bírò ti lu ìwé já. Mo lọ bá olùkọ́ físíìsì kan. Ó ní ṣe ló dà bíi kéèyàn dé ibi tí àríwá pin sí, kó tún máa béèrè ohun tó wà ní àríwá ibẹ̀. Kò tiẹ̀ gbójú sókè kó tó sọ ọ́. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń dá. Inú ṣì ń bí mi sí àwọn méjèèjì! Àfiwé olùkọ́ yẹn dára, àmọ́ oṣù mẹ́jọ ló gbà mí kó tó yé mi, nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá fi là á yé mi.

Àlàyé rẹ̀ nìyí: ara igi, ilẹ̀kùn àti ọmọ tí wọ́n bí la ti kọ́ òfin pé ohunkóhun tó bá bẹ̀rẹ̀ ló ní ohun tó fà á, ìyẹn àwọn nǹkan tí àkókò ti wà ṣáájú wọn. Tó bá jẹ́ pé àkókò fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbáńlá ayé, kí ló máa wá ṣáájú kí ni?

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń sọ pé Big Bang, ìyẹn èrò àwọn onímọ̀ nípa bí àgbáńlá ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, ti yanjú ẹ̀. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 13.8 ọdún sẹ́yìn, ohun gbogbo gbóná, ó sì fún pọ̀. Ìyẹn la mọ̀. Tí a bá tún sún sẹ́yìn jùyẹn lọ, ìṣirò wa á dàrú. Georges Lemaître, àlùfáà tó gbé èrò náà kalẹ̀ lọ́dún 1931, kò fẹ́ kí wọ́n fi ti ìgbàgbọ́ lẹ́yìn. Ẹ má sì gba ti àwọn tó ní inú òfo ni àgbáńlá ayé ti jáde, tí wọ́n wá ń pe òfuurufú inú físíìsì (vacuum, ibi tí wọ́n ti kó gbogbo nǹkan kúrò) ní òfo: ó ní agbára nínú, ó sì ní òfin tó ń tẹ̀ lé.

Mi ò sọ pé kò sí ohun tó fà á o. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín nìkan ni kò tó fi hàn pé ó wà. Ẹ bi í pé kí ló ń pè ní “bẹ̀rẹ̀”. Ojúmọmọ ni kẹ́ ẹ sì ti bi í, ẹ má ṣe é lóru.